Ọrẹ Àwọn Apọntí

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Agbẹ̀bí lọ bẹ ọba pé kí ó fi kún owó ibodè ọtí, fìlà tí ọkọ rẹ̀ dé wá sí ààfin, Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ ló rán an. Fìlà aláró ni, ó fi òwú funfun gbá etí rẹ̀ yípo, ó sì bá ọkùnrin náà lórí mu bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Ọkọ náà dúró ní apá ọ̀tún láàárín àwọn apọntí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ tó kúnlẹ̀. Kò mọ ohun tí obìnrin náà fẹ́ sọ. Bó bá mọ̀ ni, bóyá ì bá ti dé fìlà mìíràn.

Agbẹ̀bí yìí ni ìyá tó bí ìyá ìyá mi. Kí n má baà fi ìyá-ìyá-ìyá da ọ̀nà rú mọ́ yín lójú, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ni n ó máa pè é, bí gbogbo ìlú ti ń pè é nígbà ayé rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ náà, Apọntí ni wọ́n ń pè é. Òun ni olórí gbogbo àwọn tó ń pọn ọtí ìrèké ní ìlú náà, àwọn oníṣòwò tó ń rin ọ̀nà jíjìn a sì máa sọ pé bí a bá bu ọtí rẹ̀ sínú ife, a lè ka ìlà àtẹ́lẹwọ́ ẹni láti òdìkejì.

Ogun gígùn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà ni. Àwọn ọ̀nà tí koríko ti bò mọ́lẹ̀ tún ti là. Àwọn oníṣòwò ń fi ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kó iyọ̀, aṣọ àti ìkòkò bàbà wọlé, wọ́n sì ń kó ọtí ìrèké jáde nínú àgbá. Èyí tí wọn ò kó jáde, ìlú ló ń mu ún. Àwọn ọmọ ogun ti darí wálé pẹ̀lú òùngbẹ tí omi kò lè pa. Ẹni tó bá ti rí ohun tí ojú kò gbọ́dọ̀ rí, ó máa ń wá nǹkan tí yóò fi bo ojú.

Ààfin kún lọ́jọ́ náà. Àwọn ahunṣọ wọ ẹ̀wù àrán, àwọn alágbẹ̀dẹ so awọ mọ́ àyà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ padà sídìí ẹmú láìpẹ́, àwọn ìjòyè sì tẹ́ aṣọ gígùn wọn sílẹ̀ débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ wo ẹsẹ̀ kó tó gbé e. Aṣọ funfun ni Agbẹ̀bí ró, ó ti fọ̀ ọ́ títí ó fi rọ̀ bí etí ọmọ tuntun.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀," ó kí ọba.

"Dìde, Agbẹ̀bí," ni ọba dá a lóhùn. "Ọwọ́ ìyá rẹ ló gbà mí nígbà tí mo wáyé. Kí ló dé?"

"Kábíyèsí, ogun ò pa àwọn obìnrin wa, ibi tí wọ́n ń bímọ sí ló ń pa wọ́n. Ẹlòmíràn ń bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ẹlòmíràn ń bí sẹ́yìn àárò. Ọmọ á dé láyọ̀, ṣùgbọ́n kó tó pẹ́, ibà á gbé ìyá rẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi tó hun aṣọ tí mo ró yìí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ. Mo fẹ́ ilé ìgbẹ̀bí kan, tí ilẹ̀ rẹ̀ dán, tí fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, tí kànga wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀."

"Ta ni yóò kọ́ ọ?"

"Ọtí ni, Kábíyèsí."

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Agbẹ̀bí dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín wọn tán.

"Kò sí ẹni tó ń jẹun tó ọtí nílùú yìí," ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Lójoojúmọ́ ló ń jẹ oúnjẹ ọmọ ẹni, tó ń jẹ aṣọ ìyàwó ẹni. Ẹni tó ń jẹun tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó lè gbé ẹrù díẹ̀. Àgbá kan nínú mẹ́wàá ni ibodè ń gbà lọ́wọ́ àwọn apọntí. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀kan nínú márùn-ún. Kí ibodè ta èyí tó lé fún àwọn oníṣòwò ọ̀nà jíjìn, kí a fi owó rẹ̀ kọ́lé, kí a gbẹ́ kànga, kí a sì fi gbá ọjà."

Mo gbọ́dọ̀ là á yé yín pé owó ibodè ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ọtí gan-an ni wọ́n fi ń san án, nítorí ogun ti kó owó lọ.

Apọntí kò lè mú un mọ́ra. Ó bọ́ síwájú.

"Kábíyèsí, ẹ bá mi wo obìnrin yìí! Ìyàwó mi ni o! Ilé tó ń sùn sí, ọtí ló kọ́ ọ."

"Òótọ́ ni, olówó orí mi," Agbẹ̀bí fèsì, ó tún kúnlẹ̀ díẹ̀ fún un. "Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ti kọ́ ọ̀kan, ó lè kọ́ èkejì."

Ọba fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn rí èjìká rẹ̀ tó ń mì. Nígbà tó ráyè sọ̀rọ̀, ó gbà. Ó pàṣẹ pé àgbá kan nínú márùn-ún ni kí àwọn apọntí máa san, kí àgbá náà kún dẹ́nu, kí omi má sì sí nínú rẹ̀ rárá.

"Ó ku ẹyọ kan, Kábíyèsí," ni Agbẹ̀bí wí. "Kí àwọn oníbodè má tọ́ ọtí náà wò mọ́."

Ẹ̀rín tún sọ. Olórí Oníbodè wà níbẹ̀, ọkùnrin ńlá kan tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́ àgbá kọ̀ọ̀kan wò kó lè mọ̀ bóyá omi wà nínú rẹ̀, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Bí oòrùn bá fi máa kàn àtàrí, orin ló ti ń kọ, àgbá mìíràn á sì ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé.

"Agbẹ̀bí, kí ni mo fi ṣe ọ́?" ó béèrè tìbànújẹ́tìbànújẹ́.

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí, bàbá. Ọ̀fun yín ni mo bá wí."

Ọba gba èyí náà. Ṣùgbọ́n ó gbé ìka sókè. "Mo ti ṣe tèmi. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí kò sí òrùlé lórí ilé náà, owó ibodè yóò padà sí bó ṣe wà, n kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ títí n ó fi wàjà."

Nílé, Apọntí ká ẹní rẹ̀, ó ń kó lọ sí àgọ́ tó ti ń pọn ọtí. Ìyá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ bí nǹkan ṣe ń wọ́ lọ nílẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ bá ẹni tí kò ní fẹjọ́ mi sùn lọ́dọ̀ ọba."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Fi ẹní sílẹ̀, tèmi ni."

Apọntí fi ẹní sílẹ̀, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ oúnjẹ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Ohun tó bá rí ló ń fi iná ìkòkò ọtí sun, apá kan á jóná, apá kejì á ṣì tutù. Àwọn ọmọ a máa yọjú lọ wò ó, wọ́n á sì padà wá ròyìn fún ìyá wọn pé bàbá ń rù. Agbẹ̀bí á ní kí wọ́n kí bàbá, kí wọ́n sọ fún un pé abọ́ rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà.

Nínú àgọ́ yẹn ni àwọn apọntí ti ṣèpàdé. Ìkòkò bàbà ńlá wà lórí iná, ọ̀pá bàbà jáde láti ọrùn rẹ̀, ó gba inú ọpọ́n omi tútù kọjá, ọtí sì ń kán láti ẹnu rẹ̀ sínú igbá. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ohun tó kọ́kọ́ kán kò ṣeé mu. Àkọ́kán ni wọ́n ń pè é nílé wa. Ó mọ́ bí omi, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ń gún imú, ẹni tó bá sì mu ún, orí á fọ́ ọ, ojú rẹ̀ lè lọ pẹ̀lú. Nítorí náà wọ́n máa ń dà á nù sí kòtò lẹ́yìn àgọ́, títí òórùn rẹ̀ yóò fi yí padà tí ọtí gidi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Apọntí ń wo àkọ́kán bó ṣe ń kán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Kí ni ọba wí? Kí àgbá kún. Àbí irọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Kí omi má sí nínú rẹ̀. Ṣé omi wà nínú àkọ́kán?"

"Omi kẹ̀? Iná ni."

"Kí oníbodè má sì tọ́ ọ wò." Ó lu orí itan. "Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló wí bẹ́ẹ̀! Ẹ kú orí ire!"

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn apọntí ṣe dẹ́kun dída àkọ́kán nù. Wọ́n ń rọ ọ́ sínú àgbá, wọ́n ń kó o lọ sí ibodè, Olórí Oníbodè sì ń kàn án lórí, ó ń mì í, ó ń gbọ́ bó ṣe kún, ó sì ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tó rí oúnjẹ níbi tí kò lè dé. Yàrá ibodè kún. Inú Agbẹ̀bí dùn. Ó pe àwọn mọlémọlé, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ní sùúrù dìgbà tí àwọn oníṣòwò bá dé. Wọ́n mọ ògiri dé èjìká, wọ́n lu ilẹ̀ títí ó fi dán.

Ìgbà tí àwọn oníṣòwò dé ni ohùn yí padà. Olórí wọn, ọkùnrin gbọọrọ kan tí eruku ọ̀nà ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di pupa, ṣí àgbá kan, ó ti ife bọ̀ ọ́, ó gbé e sẹ́nu. Ó tu ú jáde débi ògiri. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé eku ni mí tí ẹ fẹ́ fi oògùn pa mí?" ó pariwo. "Apọntí tí mo mọ̀ ti kú ni?"

Ó ṣí òmíràn, ó kàn gbóòórùn rẹ̀, ó dé e padà. Kò ra ẹyọ kan. Ó lọ sí àgọ́ Apọntí, ó ra ọtí gidi níbẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ilé ọtí ìlú ló ti gbọ́. Àwọn ọ̀mùtí ń fi ife kan ife, wọ́n ń kí Apọntí pé ọkùnrin ni. Àwọn mọlémọlé kó irinṣẹ́ wọn lọ sílé. Ògiri dúró sí èjìká láìlórùlé, ìkùukùu sì ti ń rọra kóra jọ lójoojúmọ́.

Olórí Oníbodè ló mú Agbẹ̀bí wọ yàrá ibodè. Bó ti ṣí àgbá àkọ́kọ́, obìnrin náà ti mọ̀. Òórùn tó ń bá aṣọ ọkọ rẹ̀ wálé láti ìgbà tó ti fẹ́ ẹ ni.

"Jẹ́ ká lọ sọ fún ọba," ni Olórí Oníbodè wí. "Wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọba á bu owó ìtanràn lé wọn lórí."

"Ta ni olórí wọn?"

"Ọkọ rẹ ni."

"Ẹ ṣeun. Owó ìtanràn kì í kọ́lé, bàbá. Ó kàn ń tú ilé ni."

Ó padà sílé, ó jókòó ti Ìyá Àgbà. Kò sunkún. Ìyá Àgbà na ọwọ́, ó wá ọwọ́ rẹ̀ kàn.

"Ṣé ọmọ mi ló pa ọ́ lẹ́nu mọ́ báyìí? Ọ̀dájú ọmọ. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀bẹ ìrèké bá gé e lọ́wọ́, yóò kàn ti ọwọ́ bọ àkọ́kán bàbá rẹ̀, á han gooro, á sì tún mú ọ̀bẹ. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ò kẹ̀ rí."

Agbẹ̀bí gbé orí sókè. Ó ronú nípa ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ọwọ́ tí àpá kún inú rẹ̀ bí ìlà ọ̀nà, tí bàbà gbígbóná ti jó, tí ọ̀bẹ ti gé láìmọye ìgbà. Lóòótọ́, kò rí ọgbẹ́ tó kẹ̀ níbẹ̀ rí. Ó wá ronú nípa abiyamọ, pé ọgbẹ́ ńlá ni ọmọ ń fi sílẹ̀ lára ìyá rẹ̀ bó bá jáde, ọgbẹ́ tí ojú kì í rí. Bóyá èyí náà ló ń kẹ̀. Bóyá kíkẹ̀ yẹn ni ibà.

"Ìyá," ó wí, "mo ní yàrá kan tó kún fún àkọ́kán."

"Mo ti gbọ́," ni Ìyá Àgbà dáhùn. "Kò sí ọlọ́rọ̀ bíi tìrẹ nílùú yìí."

Ní ọjọ́ kejì, Agbẹ̀bí ta ẹní sókè ilé tí kò lórùlé náà. Ó fi omi fọ ilẹ̀, ó tún fi àkọ́kán fọ̀ ọ́. Ó ri ọ̀bẹ rẹ̀ sínú rẹ̀, ó ri òwú tó fi ń so ìwọ́ ọmọ sínú rẹ̀, ó wẹ ọwọ́ ara rẹ̀ dé ìgúnpá títí ó fi ta á. Ó sì ní kí wọ́n pe aboyún tó bá kọ́kọ́ rọbí wá.

Ìyàwó Olórí Oníbodè ló kọ́kọ́ rọbí. Ọkọ rẹ̀ ń lọ síwájú sẹ́yìn níta, ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀. Ọmọ ké. Wọ́n gbé e jáde fún bàbá rẹ̀, bàbá sì tẹrí ba láti fi imú kan án. Ó dìde wuuru.

"Háà! Ọtí ló ń rùn lára rẹ̀! Èmi bàbá rẹ̀, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò, òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti wẹ̀ nínú rẹ̀!"

Ìyá ọmọ rẹ́rìn-ín nínú ilé débi tí wọ́n fi ní kó rọra. Ibà kò gbé e. Obìnrin tó tẹ̀ lé e, ibà kò gbé e. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta wá láti ẹ̀yìn odi, ó padà pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ọmọ lẹ́yìn. Láìpẹ́ láìjìnnà, ọ̀rọ̀ náà di àwàdà kiri ìlú. Ọkọ kan á gbóòórùn ìyàwó rẹ̀, á ní, "Ìyá ọmọ, níbo lo ti lọ mutí?" Obìnrin á ní, "Mo lọ bí ọmọ rẹ ni, ìwọ náà lọ mu tìrẹ!"

Ọ̀rọ̀ náà dé àgọ́ ọtí. Àwọn apọntí kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí àwọn aya tiwọn náà wà lára àwọn tó ń lọ. Àwọn ọmọ Apọntí ròyìn pé bàbá wọn bi wọ́n léèrè bóyá àkọ́kán ibodè ti ń tán.

Nígbà tí ojú ọ̀run ti dúdú ní apá ìlà-oòrùn, ọba pe gbogbo wọn padà. Àwọn apọntí wá pẹ̀lú aṣọ tó dára jù. Apọntí dé fìlà aláró náà. Kò ní èyí tó bá a lórí mu bẹ́ẹ̀.

"Olórí Oníbodè," ọba bẹ̀rẹ̀, "ṣé àwọn apọntí san owó ibodè?"

"Kábíyèsí, àgbá kún dẹ́nu, omi ò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ò rà á. Àkọ́kán ni."

Ojú ọba yí padà. Apọntí wo ilẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rọra ń fà sẹ́yìn, wọ́n fi í síwájú ní òun nìkan.

Ìgbà yẹn ni Agbẹ̀bí jáde. Kò dá wá. Àwọn abiyamọ tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan pọn ọmọ sẹ́yìn, aṣọ wọn pupa, aṣọ wọn aró, aṣọ wọn ewé, ààfin sì ń rùn bí àgọ́ ọtí. Ó kọjá níwájú ọba, ó lọ bá àwọn apọntí, ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

"A wá dúpẹ́ ni, Kábíyèsí," ó wí, ojú rẹ̀ sí ọkọ rẹ̀. "Àkọ́kán yìí ni mo fi ń fọ ọ̀bẹ, tí mo fi ń fọ ilẹ̀, tí mo fi ń wẹ ọwọ́. Látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ibà ò gbé abiyamọ kan lọ. Ẹ wò wọ́n. Ẹ̀yin apọntí, ọrẹ tí ẹ ṣe fún wa kò kéré. A ò mọ bí a ṣe máa san án padà."

Àwọn obìnrin kúnlẹ̀ gìrìgìrì. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ọba wo Agbẹ̀bí. Ó wo Apọntí. Ó fara ti ìtẹ́, ohun tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe ìbínú mọ́.

"Olórí àwọn apọntí, máa gbọ́. Kí lẹ máa ń fi àkọ́kán ṣe nílé?"

"Kábíyèsí... a máa ń dà á nù ni."

"Ó dára. Ṣé ohun tí ẹ ń dà nù lẹ wá fi san owó ibodè fún èmi ọba? Àbí bó ṣe rí ni ìyàwó rẹ ṣe sọ ọ́, pé ẹ fi àkọ́kán ta àwọn abiyamọ lọ́rẹ, tí owó ibodè tèmi sì ń bọ̀ lẹ́yìn?"

Ẹ wo kòtò tí ọkùnrin náà bọ́ sí! Bó bá ní owó ibodè ni, ó ti fi ìdọ̀tí san owó fún ọba nìyẹn. Bó bá ní ọrẹ ni, a jẹ́ pé gbogbo owó ibodè láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn wọn. Àwọn apọntí ń wò ó, òun ń wo ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ṣì kúnlẹ̀, ó tẹrí ba bí ìyàwó rere, ṣùgbọ́n etí ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n. Apọntí wá rí i pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà, àti pé obìnrin yìí ló ṣí i sílẹ̀ fún òun. Ó ṣí fìlà.

"Kábíyèsí," ó wí, "ọrẹ ni."

Ẹ̀rín tó sọ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn ẹṣin tí wọ́n so síta já okùn. Ọba rẹ́rìn-ín títí adé fi yẹ̀ lórí rẹ̀, àwọn ìjòyè méjì ló bá a mú un. Apọntí náà kò lè pa á mọ́ra, ó rẹ́rìn-ín, ó ń fi fìlà nu ojú. Ọba sì dájọ́ pé láti ọjọ́ náà lọ, kí wọ́n máa san àgbá kan nínú márùn-ún ní ọtí gidi fún títà, kí wọ́n sì máa kó gbogbo àkọ́kán wá fún ilé ìgbẹ̀bí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn apọntí ṣe fi ọgbọ́n ara wọn sọ owó ibodè wọn di púpọ̀ sí i.

"Òrùlé ńkọ́?" ìjòyè kan béèrè. "Òjò ti ṣú."

"Kábíyèsí," Apọntí dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, "ewé ìrèké wà lẹ́yìn àgọ́ wa bí òkè. Tí a bá dì í dáadáa, omi ò ní gba ibẹ̀ wọlé títí owó ọtí á fi ra èyí tó dára jù. Ẹ jẹ́ ká sáré."

Gbogbo wọn ló sáré lóòótọ́, pẹ̀lú aṣọ ààfin lọ́rùn. Àwọn apọntí gun ògiri, àwọn mọlémọlé ń na igi sí wọn, àwọn abiyamọ ń di ewé, Olórí Oníbodè dúró nísàlẹ̀ bí òpó nítorí pé àkàbà kọ̀ ọ́. Ìgbà tí Apọntí ń so ìdì ìkẹyìn mọ́ ọn ni òjò àkọ́rọ̀ já lu ilẹ̀. Ó bá a lókè níbẹ̀, fìlà rẹ̀ ń ṣàn aró sí i lójú.

"Ó ń jò ni?" ó kígbe sísàlẹ̀.

"Kò jò!" Agbẹ̀bí kígbe láti inú ilé. "Sọ̀ kalẹ̀, kí o má baà ṣubú, olówó orí mi! Abọ́ rẹ wà nílẹ̀!"

"Ṣé oúnjẹ wà nínú rẹ̀?"

"Ó wà. Wẹ ọwọ́ rẹ kó o tó jẹun."

"Kí ni n ó fi wẹ̀ ẹ́?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn.

Ọtí wọ́n nílùú náà lẹ́yìn èyí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tó ń mu àmupara bẹ̀rẹ̀ sí í mu ife kan, wọ́n sì ń tètè lọ sílé. Àwọn tó kù ń yangàn. Wọ́n á tọ́ka sí fèrèsé ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n á ní, "Èmi ni mo mu èyí." Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga kejì, ọ̀mùtí àgbà kan jókòó sẹ́bàá rẹ̀, ó ń sọ fún gbogbo obìnrin tó wá pọn omi pé kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, ọ̀fun òun ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n sì ń dúpẹ́. Wọ́n gbá ọjà, wọ́n gbé fìtílà sí ẹnu ibodè, àwọn agbẹ̀bí kéékèèké mẹ́ta sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Agbẹ̀bí.

Ìgbà tí gbogbo ènìyàn ti rò pé ó ti ṣíwọ́ ọmọ bíbí ló tún lóyún. Ilé ìgbẹ̀bí náà ló bí i sí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló gbẹ̀bí rẹ̀, òun ló ń bá wọn wí lórí ẹní pé wọn ò wẹ ọwọ́ dé ìgúnpá. Apọntí dúró níta ní gbogbo àkókò náà, àgbá àkọ́kán kan lórí rẹ̀, ó kọ̀ kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó má baà jẹ́ pé yóò tán nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọbìnrin kan jáde sí i, wọ́n bi í pé kí ni yóò máa pè é. Ó gbóòórùn orí ọmọ náà, ó mú un pẹ́.

"Ọrẹ ni," ó wí.

Ọrẹ-ni ni wọ́n ń pe ìyá ìyá mi títí ó fi darúgbó tó sì lọ. Lẹ́nu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo èyí, bí òun náà ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ pẹ́. Mo ti dàgbà débi tí mo fi ń lọ gba abẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì á fa òwú ya, á rì í sínú sípírítì, á fi nu apá mi. Ó máa ń tutù, òórùn rẹ̀ á sì gún mi nímú. Mo mọ ẹni tó ni òórùn yẹn. Mo máa ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Màmá, ẹ ní kí ni?" nọ́ọ̀sì á béèrè.

"Ìwọ máa bá iṣẹ́ rẹ lọ, ọmọ mi. Ọkùnrin kan ni mò ń kí."